Póòsìkáàdì Kò Gbọdọ̀ Jẹ Owó Ṣọ́ọ̀bù

 

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn ní oṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ajah, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ó ti wọ ilé ọkọ, ọmọ rẹ̀ sì ti pé ọdún méjì. Ìwé ìkọ̀wé, bírò, pẹ́ńsù, rúlà, àpò lẹ́tà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó ń tà, ó sì ní ẹ̀rọ kan tí ó fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn ènìyàn. Ohun tí ó mú kí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn mìíràn tí mo ti ń gbà nípa òwò ni pé ó fẹ́ràn láti máa fi póòsìkáàdì ránṣẹ́ sí àwọn àjèjì ní òkè òkun, kí àwọn náà sì máa fi tiwọn ránṣẹ́ sí i. Ó ní inú òun a máa dùn tí òun bá rí òkè oníyìnyín tàbí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ lórí páálí kékeré tí ẹnì kan tí òun kò mọ̀ rí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òun sí.

Nígbà tí ó di òpin oṣù kẹjọ, tí ó yẹ kí ó lọ sí Erékùṣù Èkó láti lọ kó ọjà ìwọlé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ṣí àpótí owó rẹ̀, owó kò pé. Ó jókòó, ó ṣírò iye tí ó ti fi ra sítáǹpù àti káàdì láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, ó sì rí ibi tí owó gbà lọ. Níbi tí ó ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ni ọkọ ti rí káàdì 17 nínú agolo mílíìkì ọmọ, lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Orúkọ ọkùnrin ni ó wà lẹ́yìn méjì nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí alẹ́ ọjọ́ náà yóò ti rí. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé kí n dáná sun àwọn káàdì náà kí àlàáfíà lè wà nínú ilé mi?"

Rárá o, ọmọ mi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yìí: owó tí ó dín, àti agolo mílíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rò pé owó ni ó bí ọkọ nínú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti bá tọkọtaya parí ìjà tó láti mọ̀ pé ohun tí a fi pamọ́ a máa dun ènìyàn ju ohun tí a ná lọ. Bí ó sì ti ń dun àwọn ọkùnrin náà ni ó ń dun àwa náà nígbà tí ọkọ bá fi iye owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún wa. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú gbogbo ohun tí obìnrin lè fi pamọ́, póòsìkáàdì ni ẹni yìí fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìwé kankan láyé tí ó ṣí sílẹ̀ tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá rí i rí, páálí pẹlẹbẹ kan ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àwòrán wà ní ojú rẹ̀ kan. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni a ń kọ sí apá òsì, àdírẹ́sì ẹni tí a ń fi ránṣẹ́ sí ni a ń kọ sí apá ọ̀tún, a ó sì lẹ sítáǹpù mọ́ igun òkè. Kò ní àpò, kò ní èdìdì. Ìjọba Austria àti Hungary ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1869, láìsí àwòrán lára rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ àwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà lóminú gidigidi, nítorí wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tí ń pín lẹ́tà yóò máa ka ọ̀rọ̀ àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó bá ní àṣírí kì í kọ ọ́ sí ẹ̀yìn póòsìkáàdì.

Àwa Yorùbá kò ṣàì ní ọ̀nà tiwa tí a fi ń ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Àrokò ni. Àlùfáà C. A. Gollmer ti ìjọ CMS, tí ó ti ṣiṣẹ́ láàárín wa ní Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta, kọ àlàyé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni mẹ́fà ń jẹ́. Bí ẹni náà bá gbà, yóò fi ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, tí í ṣe ẹ̀jọ, pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ẹ rí i pé àrokò ni ọkọ ì bá bínú sí! Ohun tí ó wà lẹ́yìn káàdì 17 wọ̀nyẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ̀wé ti sọ fún mi, ni pé òjò ń rọ̀, pé ológbò bímọ, pé ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ràn láti máa din àkàrà òyìnbó ní ọjọ́ Àìkú.

Ní ọdún 1869 yẹn kan náà ni ìjọ CMS dá ilé ìtàwé wọn sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó di CSS lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Broad Street kọjá yóò mọ ilé gíga tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Bíbélì, ìwé orin, ìwé ilé ẹ̀kọ́, tàdáwà àti kálámù ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n wọ́n tún tẹ póòsìkáàdì tí àwòrán ìlú Èkó wà lára rẹ̀. Ní Dakar, ọkùnrin ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Edmond Fortier tẹ oríṣi tí ó ju 3,000 lọ láàárín ọdún 1900 sí àwọn ọdún 1920. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ìwàkuwà òde òní ni kí oníṣọ́ọ̀bù ìwé fẹ́ràn káàdì. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni orí àtẹ kan náà ti gba àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà tí ẹni tí ó kọ̀wé sí mi ń gbà ṣe tirẹ̀ ni èyí tí à ń pè ní Postcrossing. Ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Paulo Magalhães, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2005. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń forúkọ sílẹ̀, a kì í sì í sanwó fún un. Owó káàdì àti ti sítáǹpù ni ìnáwó ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ yóò béèrè àdírẹ́sì, ẹ̀rọ yóò sì mú ẹnì kan fún un bí ẹni ṣẹ́ kèké. Kò lè sọ pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́ tàbí obìnrin. Wọn yóò fún un ní àmì kan tí yóò kọ sára káàdì náà, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NG fún àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà. Bí káàdì bá gúnlẹ̀, ẹni tí ó gbà á yóò tẹ àmì yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà náà ni ẹ̀rọ yóò wá fi àdírẹ́sì ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fún ẹlòmíràn pátápátá, ní ilẹ̀ mìíràn. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa, nítorí òun ni ìdáhùn fún ọkọ: ẹni tí ìyàwó kọ̀wé sí kọ́ ni yóò kọ̀wé sí i. Ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn káàdì yẹn kò yàn án, òun náà kò yàn wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tún gbúròó ara wọn mọ́ láyé.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ní ju káàdì 5 lọ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 60 ọjọ́ bá kọjá tí ọ̀kan kò dé, ó lè fi òmíràn ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ ó wá béèrè pé báwo ni káàdì 5 ṣe jẹ owó ọjà tán. Mo bi í léèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì fèsì pé òun tún ń bá àwọn kan ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́tọ̀, ẹnì kan sí ẹnì kejì, láìgba ọwọ́ ẹ̀rọ, àti pé òun ra káàdì tí ó dára jọ nítorí kí òun má baà wá a tì. Níbẹ̀ gan-an ni omi ti wọ inú ọkọ̀. Òfin ẹlẹ́ni márùn-ún yẹn jẹ́ odi fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ó fo odi.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó.

Àpótí owó ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe àpò owó obìnrin. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń pa á mọ́? Mo rántí ìgbà tí èmi náà ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Nítorí pé mo fẹ́ràn láti máa hun súwẹ́tà, mo hun fún ọmọ mi, mo hun fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo hun fún ọmọ alájọgbé. Kí n tó mọ̀, ojú owó mi ti wọ inú súwẹ́tà, ooru Èkó kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ewu kan náà ni ó wà nínú kí ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé máa ta ìwé. Ohun tí ó wu ni wà lórí àtẹ ẹni.

Ìwọ tí o kọ̀wé sí mi, àpò lẹ́tà ni o ń tà. Mú mẹ́ta nínú wọn. Kọ "ọjà" sára èkínní, "ṣọ́ọ̀bù" sára èkejì, "èrè" sára ẹ̀kẹta. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pín owó ọ̀sẹ̀ náà. Ká sọ pé o ta ọjà 30,000 náírà, tí iye tí o fi ra ọjà náà sì jẹ́ 23,000. 23,000 yẹn yóò wọ àpò ọjà, kò sì gbọdọ̀ jáde àfi láti ra ọjà. Ó ku 7,000. Bí owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, tàdáwà ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti owó ọkọ̀ bá jẹ́ 3,000, ìyẹn wọ àpò kejì. 4,000 tí ó kù ni èrè rẹ, nínú rẹ̀ ni èsúsú, ọbẹ̀ àti aṣọ ọmọ yóò ti jáde. Nínú rẹ̀ nìkan ni póòsìkáàdì lè ti jáde pẹ̀lú. Bí o bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún un, 400 náírà ni lọ́sẹ̀, 1,600 lóṣù. Lọ béèrè iye owó sítáǹpù òkè òkun ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí a máa yí padà. Bí 1,600 bá tó káàdì kan, ọ̀kan ni o ó fi ránṣẹ́ ní oṣù náà. Bí kò bá tó ọ̀kan, dúró de oṣù kejì. Káàdì kì í ṣe oúnjẹ ọmọ, ó lè dúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ mọ́ irú òwò yìí nìkan, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun èlò ìkọ̀wé gbé yẹ̀ wò. Ọjà yìí kò dà bí ata tàbí gaàrí tí a ń rà lójoojúmọ́. Oṣù kẹsàn-án ni ìkórè rẹ̀, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní tún mú díẹ̀ wá, àti ìwọlé sáà kẹta lẹ́yìn Àjíǹde. Ìdánwò WAEC a máa mú àwọn ọmọ wá ra bírò, rúlà àti ìwé onílà fún ìṣirò. Láti ìparí oṣù keje títí di òpin oṣù kẹjọ, ẹṣinṣin ni ó ń wọlé tí ó ń jáde. Owó tí o fi ń dúró de oṣù kẹsàn-án wà nínú àpótí, kò níṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìwọ náà jókòó, o kò níṣẹ́ tí o ń ṣe. Owó tí kò níṣẹ́ àti obìnrin tí kò níṣẹ́ kò gbọdọ̀ jọ dá wà nínú yàrá kan. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ni ó bá ẹni yìí jà bí kò ṣe oṣù kẹjọ.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí owó náà ti di ìwé kí oṣù keje tó parí. Ọjà a máa gbówó lórí bí ìwọlé bá ti ń sún mọ́lé, nítorí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ni yóò rọ́ lọ sí Erékùṣù ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo mọ ìdí tí àwọn ará Lekki àti Ajah kì í fi í fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwé yóò bàjẹ́. Ẹ̀rù wọn kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a jókòó lé, ọ̀sà ní apá kan, òkun ní apá kejì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sì ní iyọ̀ nínú. Ìwé a máa mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá mu ún, yóò ká ko, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì yóò sì máa fà á ya. Àpò lẹ́tà yóò ti ara rẹ̀ pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ahọ́n kàn án. Irin tí ó so ìwé ìkọ̀wé pọ̀ yóò dípẹtà. Kí á má tíì sọ ti àgbàrá òjò tí ń wọ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má ṣe gbé páálí ìwé lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá. Ẹ to pákó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan níbi tí àgbàrá ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí àyè tí ọwọ́ lè gbà wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, nítorí ògiri a máa làágùn. Ẹ má tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìdì bébà fọ́tòkọ́pì títí di ọjọ́ tí ẹ ó lò ó. Bí ó bá sì di alẹ́, ẹ yọ èyí tí ó kù nínú ẹ̀rọ, kí ẹ dá a padà sínú ọ̀rá. Ẹ fi bébà pẹlẹbẹ sáàárín àwọn sítáǹpù, kí ẹ kó wọn sínú agolo tí ó ní ìdérí. Wàyí o, agolo mílíìkì dára fún èyí!

Ní ti àwọn káàdì gan-an, kí ló dé tí ìwọ tí ó wà ní Lekki yóò máa fi owó ra káàdì tí ó ní òdòdó òyìnbó lára? Ẹni tí ó wà ní Finland kò wá òdòdó wá sí ọ̀dọ̀ rẹ. Ohun tí ó wà ní àyíká rẹ ni yóò fẹ́ rí. Ọgbà Lekki Conservation Centre wà nítòsí rẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tí afárá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rìn lórí igi níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Àwọn apẹja wà, ọkọ̀ ojú omi wà, àdìrẹ wà, ọjà iṣẹ́ ọnà wà ní ìhà Jakande. Fi fóònù rẹ ya àwòrán tìrẹ. Má ṣe mú àwòrán ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, bí o bá sì ya ojú ènìyàn, bi í léèrè kí o tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn atẹ̀wé wà ní Ṣómólú tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sórí páálí gíráàmù 300. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ni ó wọ́pọ̀; Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1961, kò fẹ́ kí ó kéré ju 9 sí 14 lọ tàbí kí ó tóbi ju 12 sí 23 ààbọ̀ lọ.

Tẹ 50 péré. Máa lo 20 fún ara rẹ, kí o sì to 30 sórí àtẹ. N kò ní í purọ́ fún ọ pé àwọn ènìyàn yóò rọ́ wá rà á. Wọn kò ní í rọ́ wá. Ẹni tí ó wá fi fóònù ya ara rẹ̀ lórí afárá kò ronú kan sítáǹpù mọ́. Ṣùgbọ́n àlejò kan yóò ra méjì, olùkọ́ kan yóò ra mẹ́rin fún ẹ̀kọ́ nípa ayé, owó atẹ̀wé yóò sì padà díẹ̀díẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò bí o ti ń kọ ti bírò. Nígbà tí o bá sì ń kọ káàdì tìrẹ, bírò lásán ni kí o lò. Àwọn kálámù olómi tí ó rẹwà yẹn a máa ṣàn bí òjò bá kàn wọ́n.

Má ṣe fi àdírẹ́sì ilé rẹ fún àwọn àjèjì. Gba àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí kí o lo ti ṣọ́ọ̀bù. Má ṣe kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ sára káàdì, má sì ṣe tẹ àwòrán ọmọ sí i. Àwọn tí o ń bá ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́tọ̀, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ni kí wọ́n jẹ́, kí ọkọ rẹ sì mọ orúkọ wọn.

Èyí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Má ṣe dúró kí inú rẹ̀ rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá ti jẹun tán, tí ọmọ ti sùn, gbé agolo náà wá, kúnlẹ̀ bí a ti kọ́ wa, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, má bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì. "Olówó orí mi, iye báyìí ni mo ná nínú owó ọjà, mo sì fi pamọ́ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Dárúkọ iye náà gan-an, má ṣe yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, nítorí èyí tí o bá yọ ni yóò tún padà di agolo mìíràn. Lẹ́yìn náà, da àwọn káàdì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì kà wọ́n sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣáájú. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka ojú ewé yìí lẹ́yìn ìyàwó yín, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀: obìnrin tí ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ àti ariwo jẹnẹrétọ̀, kò jẹ̀bi bí ó bá ń fẹ́ ohun kékeré kan tí í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ń lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ó ku ti oṣù kẹsàn-án tí ó ti dé tán. Má ṣe lọ yá owó elérè gọbọi. Bí owó tí ó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ìdajì, ra ọjà ìdajì, ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀wé, pẹ́ńsù, bírò àti ọ̀rá ìbòwé nìkan ni kí o rà, nítorí àwọn ni wọ́n ń tà ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Fi àpò ìkọ́rùn àti àwọn àwo aláwọ̀ mèremère sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti tà, mú owó wọn padà lọ sí Erékùṣù ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ìrìn méjì yóò ná ọ ní owó ọkọ̀, ó sàn ju èlé lọ. Bí ọkọ rẹ bá fẹ́ kún un fún ọ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀rọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè, kí o sì san án láti inú àpò èrè. Títí tí ìwọ yóò fi san án tán, má fi káàdì kankan ránṣẹ́. Àwọn tí ó ti wà lójú ọ̀nà lè máa bọ̀.

Káàdì 17 yẹn, mú wọn kúrò nínú ilé ìdáná. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, sí ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń retí fọ́tòkọ́pì, kí o sì kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí abẹ́ rẹ̀.

Àyè kò gbà mí láti dáhùn ìbéèrè ìyá ìbejì tí ó kọ̀wé láti Ṣàngótẹ̀dó nípa ọmọ tí kò fẹ́ jẹ ẹ̀kọ. Ó di oṣù tí ń bọ̀.